Níbo ni àgbàlagbà ti lè kọ́ ìtàn Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àwa kan ní Abẹ́òkúta, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, fẹ́ máa pàdé ní Sátidé kan lóṣooṣù láti kọ́ ìtàn ìlú wa, pàápàá ìjà owó orí tí àwọn obìnrin ọjà jà lọ́dún 1947, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kọ oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949.

Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà wọ̀nyẹn ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ìtàn yìí lónìí, àfi kéèyàn wọ yunifásítì.

Àwọn ìwé Ìyáàfin Ransome-Kuti wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Báwo ni ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè rí àyè wọ ibẹ̀? Ṣé lẹ́tà ni wọ́n ń bèèrè?

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ṣì rántí orin tí ìyá wọn kọ lọ sí ààfin Aké. Mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ kíákíá, torí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Ṣé fóònù tó? Kí la ó kọ́kọ́ bi wọ́n?

Ọmọ àwọn agbowó-orí náà wà láàárín wa. Báwo la ó ṣe jókòó pọ̀ tí ìtàn kò fi ní di ìjà? Ẹni tó bá ti darí irú ìpàdé báyìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀.