Egbére kọ́ ni lẹpiríkáànù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ lórí ìbéèrè olùkọ́ wa tó wà ní Dublin. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú kíláàsì rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí di ọjọ́ 17, tó jẹ́ ọjọ́ Pátíríkì Mímọ́, ẹni mímọ́ aláàbò Ayálándì, ni àwọn iléèwé Ayálándì máa ń ṣe Seachtain na Gaeilge, ètò tí ẹgbẹ́ Conradh na Gaeilge dá sílẹ̀ ní 1902 láti gbé èdè Irish lárugẹ. Ó fẹ́ kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ Irish lára iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọmọ yóò lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tó bi wá ni orúkọ ewé shamrock, ewé kékeré tó jẹ́ àmì Ayálándì, orúkọ leprechaun, iwin kúkurú inú ìtàn wọn, àti orúkọ ohun tí àwọn ọmọ máa ń fi páálí ṣe láti fi mú leprechaun náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "egbére" ni, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: egbére kúrú, leprechaun kúrú, ẹni tó bá gba ẹní mọ́ egbére lọ́wọ́ yóò là, ẹni tó bá mú leprechaun yóò gba ìkòkò wúrà. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń sọ sí ọmọ Yorùbá lọ́kàn tí a bá dárúkọ egbére? Ẹkún ni. Òru ló ń rìn, ẹní rẹ̀ wà lábẹ́ apá, ẹkún rẹ̀ kò sì dá. Ìyá tó bá ní kí ọmọ òun yé sunkún bí egbére kò bá a ṣeré. Leprechaun ní tirẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Bàtà ló ń rán, ìró òòlù rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí i, ẹni tó bá sì mú un kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀, torí kó tó wẹ̀yìn wò, ó ti lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà gbọ́n féfé. Bí ẹ bá ní kí n fi ìwà rẹ̀ wé ti ẹnì kan nílé wa, Ìjàpá ni n ó mú, n kò ní mú egbére.

"Aràrá" tí ẹlòmíì dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e tì. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara là ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ tó kúrú kò sì ní ṣàìsí ní kíláàsì. Orúkọ náà kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí yóò fi parí iléèwé. "Kúrékùré" sàn díẹ̀, àmọ́ mélòó nínú wa ló gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀?

Tèmi ni pé ká yá orúkọ náà, ká sì yá a lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Leipreachán ni Irish ń pè é. Ìró kan wà láàárín rẹ̀ tí kò sí lọ́fun wa, k la ó fi rọ́pò rẹ̀: lẹpiríkáànù. Ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká gbà á gbà, ẹ rántí pé àlùbọ́sà kò gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ẹnu Lárúbáwá ló ti dé ẹnu Haúsá, tó fi dọ́bẹ̀ wa. Ẹ̀dá yìí gan-an kì í sì í dúró sójú kan nílé rẹ̀. Nínú ìtàn ọba Fergus mac Léti, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, inú omi ni wọ́n ń gbé, ojú oorun ni wọ́n sì ti fẹ́ wọ́ ọba náà sínú òkun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀wù pupa ló ń wọ̀. Àwọ̀ ewé tí gbogbo ìwé ọmọdé fi ń kùn ún báyìí, aṣọ tuntun ni. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ara báyìí, ẹ má fi ẹní egbére dè é mọ́lẹ̀.

Ibi tí ti Yorùbá ti yẹ kó jáde ni ìtàn. Wọ́n ní ìdí òṣùmàrè ni lẹpiríkáànù máa ń rì wúrà rẹ̀ mọ́. Àwọn baba wa náà ní erè ńlá kan ló ń yọ òṣùmàrè, ohun tó bá sì ti ara erè náà jáde, imí òṣùmàrè, ẹni tó bá rí i ti di olówó. Ẹ ya òṣùmàrè kan ṣoṣo sórí páálí gbọọrọ, kí ìkòkò wúrà wà ní ìdí kan, kí erè ká jọ sí ìdí kejì, kí àwọn ọmọ sì sọ ìtàn méjèèjì. Tí wọ́n bá ti gbọ́ "imí", olùkọ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ wọ́n kí wọ́n fetí sílẹ̀. Erè náà lè ní ìṣòro díẹ̀ ní Ayálándì ṣá o, nítorí wọ́n ní Pátíríkì ti lé gbogbo ejò kúrò níbẹ̀. Òdodo ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí yìnyín ayé àtijọ́ yọ́, òkun ti yí erékùṣù náà ká kí ejò tó rọ́nà dé ibẹ̀.

Ó ku ewé. Bàbá wa kan ní "ewé mẹ́talọ́kan", torí ìtàn tó ní Pátíríkì fi ewé náà ṣàlàyé Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan fáwọn kèfèrí. Ìwé méjì tí Pátíríkì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà, kò sí ewé kankan nínú wọn. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìtàn náà tó jáde nínú ìwé, Pátíríkì sì ti kú láti ọ̀rúndún karùn-ún. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé ni mẹ́talọ́kan nínú Yorùbá òde òní. Ọmọ Alhaji tó bá gbé ewé mẹ́talọ́kan délé, àlàyé rẹ̀ á gùn. Irish fúnra wọn kò ki ẹ̀sìn bọ orúkọ náà: seamair ni ewéko ọ̀hún, seamróg sì ni kékeré rẹ̀.

"Ewé elétí mẹ́ta" ni mo fi sílẹ̀, nítorí ohun tí ojú rí nìyẹn. A sì ní ìbátan rẹ̀ nílé, ẹ̀wà ni. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sí. Kí olùkọ́ wa gbin ẹ̀wà olójú dúdú sínú ife ní ìdajì oṣù kejì, kó gbé e síbi tó móoru lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ á rí i pé ewé méjì tó kọ́kọ́ là kojú síra wọn, ẹyọ ewé lásán sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn ni yóò pín sí mẹ́ta lórí ọrùn kan. Kí wọ́n gbé shamrock sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n yà á. Elétí mẹ́rin tí ẹnì kan ń pè ní ewé oríire, nǹkan ọ̀tọ̀ nìyẹn, kì í ṣe shamrock.

Lórí bóyá "àwọ̀ ewé" ni ká pe green tàbí "gíríìnì", n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa tí à ń sọ pé ewé dúdú mìnìmìnì, Irish kò ní ṣe wá ní kàyéfì: glas ni wọ́n ń pe àwọ̀ ewé, òun náà ni wọ́n ń pe àwọ̀ eérú lára ẹran, gorm ni búlúù, duine gorm sì ni èmi àti ẹ̀yin.

Ní ti páńpẹ́, iléèwé Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti gbilẹ̀ jù. A ti ń jà lórí "páńpẹ́" àti "tàkúté" bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹ wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ná. Èyí tó dáhò sórí páálí bàtà, tó tẹ́ bébà bo ojú ihò náà, tó wá fi igi áísìkírìmù ṣe àkàbà sí i lára kí lẹpiríkáànù lè gùn ún, kó já sínú, ọ̀fìn ló gbẹ́. Èyí tó fi pẹ́ńsù gbé etí páálí sókè, tó so okùn mọ́ pẹ́ńsù náà, tó kó owó ṣokoléètì sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀bìtì ló dẹ. Tàkúté ní eyín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe é. "Páńpẹ́" ní tirẹ̀ ti di ti ọlọ́pàá nínú ìwé ìròyìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn kò bá ẹnì kankan lábẹ́ ẹ̀bìtì, àfi ìyẹ̀fun tí olùkọ́ fi tẹ ẹsẹ̀ kéékèèké sílẹ̀, òwe ti wà fún un: ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ẹ fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Kí wọ́n pín ṣokoléètì náà jẹ.

Ẹni tó ní ká fi jíjá ọmọ tí kò wọ àwọ̀ ewé lẹ́kánná kún un, Amẹ́ríkà lẹ ti rí ìyẹn, kò sì yẹ ní kíláàsì.

Ohun kan ṣì dí mi lọ́nà. Kí ni ká pe ìtò ńlá tí wọ́n máa ń tò gba ìgboro Dublin kọjá lọ́jọ́ náà? "Ìwọ́de" ni ǹ bá mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìwọ́de lónìí á máa retí tajútajú. Ṣé "ìyíde" ṣì yé àwọn ọ̀dọ́?