B&B ní Skye lóṣù keje
Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará UK, èmi àtìyàwó mi fẹ́ wa mọ́tò láti Glasgow lọ sí Isle of Skye, erékùṣù kan ní Scotland, lóṣù keje, ṣé ká ti búùkù B&B (ilé èèyàn tí wọ́n ti ń gbàlejò sùn, tí wọ́n sì ń fúnni lóúnjẹ àárọ̀) ni àbí ká kàn máa wò ó lójú ọ̀nà?

Ìyá Ìbejì: Ojú ọ̀nà kẹ̀? Bọ̀dá, inú mọ́tò lẹ máa sùn o! Portree, ìlú tó tóbi jù ní Skye, máa ń kún fọ́fọ́. Ẹ búùkù Skye báyìí, ti Fort William, ìlú tẹ́ ẹ máa gbà kọjá lójú ọ̀nà, lè dúró díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rílé lórí Booking.com, ẹ pe onílé fúnra ẹ̀, ìgbà míì owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà: Ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń gbàlejò o, ilé èèyàn ni, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Oúnjẹ àárọ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹyin, sọ́sééjì, black pudding. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ló wà nínú ìyẹn o, tẹ́ ò bá ń jẹ ẹ́, ẹ tètè sọ lálẹ́.