Ìtàn tí mò ń sún di ọ̀la

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ kan wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, "ó di ọ̀la" ni. Báwo lèèyàn ṣe ń ráyè kọ̀wé?

Ìdáhùn 1: Ẹ má dúró de àyè, ẹ yan aago. Ìṣẹ́jú 25 kí ilé tó jí, fóònù nínú yàrá mìíràn. Ọ̀rọ̀ 200 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: tó bá pé ọ̀sẹ̀ 40, ó ti di 40,000.

Ìdáhùn 2: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àmì ohùn gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. Èèyàn ń ronú, ó tún ń wá ọ̀ lórí fóònù. Kó tó rí i, gbólóhùn ti sá lọ. Ẹ tẹ "oko" lásán, kí ẹ máa lọ. Ní Sátidé, ẹ padà sọ ọ́ di ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ o, ẹ lè gbàgbé èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ìdáhùn 3: Ẹ dá gbólóhùn tó kẹ́yìn dúró láàárín: "Ìyá ṣílẹ̀kùn, ó rí…" Ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ojú ìwé òfìfo ló ń dẹ́rù bani jù.