Ẹja goldfish mi tó yọ kókó: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Mo béèrè lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ohun tí mo lè ṣe sí kókó tó yọ nítòsí ìrù goldfish mi, ẹja ọ̀ṣọ́ tí mo ń sìn. Ẹ̀yin tí ẹ dá sí i, ẹ kú àdúrótì o. Wọ́n ti gé kókó náà, ẹja ń jẹun.

Dókítà ẹranko kan níbí ní Àkúrẹ́ ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Òróró kànáfùrù ló fi kun ún lóorun. Ó kọ́kọ́ gbọn ọ́n pọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, torí òróró kì í dédé pò mọ́ omi. Nígbà tí ẹja fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó gbé e sórí fóòmù tútù, ó sì ń rọ omi olóògùn sí i lẹ́nu kó máa gba ẹ̀yà ìmí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí jáde, kó lè máa mí. Kò rán ojú ibẹ̀, awọ ẹja kì í fà bíi tiwa.

Ẹni tó ní kí n fi òwú so kókó náà títí yóò fi já, dókítà ní ká má dán an wò. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi ló ran ẹja náà lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí omi máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara ẹja omi aláìníyọ̀.

A ò gbé kókó náà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí náà a ò mọ irú èyí tó jẹ́; ó lè tún hù. Bó bá tún hù, mi ò ní gé e mọ́. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹ ṣé gan-an.