Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná tó dákú: ta ló ti jí irú ẹ̀ rí?

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ kú ilé o. Oṣù méje ni mo fi wà l'Ábújá, kẹ̀kẹ́ 48 volt mi wà nílé. Mo dé, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná ara ṣájà ò kúrò ní àwọ̀ ewé. Mo tú ìdérí bátìrì, mítà ní 31 volt. Ṣé ó ti kú ni?

Rẹ́wáyà Òjòó: Ó lè jẹ́ pé ó dákú ni. Ìlà sẹ́ẹ̀lì 13 ló wà nínú ẹ̀, tó bá kún 54.6 ló yẹ kó kà. BMS, pátákó iná kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì nínú, ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ṣájà. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi lọ́dún tó kọjá, mo fi ìdajì ampere péré bu iná sí i títí gbogbo ìlà fi dé 3 volt, kí n tó fún un ní ṣájà tirẹ̀. Ó ń rìn dòní. Àbúrò, wọn ìlà kọ̀ọ̀kan ná.

Túndé-Túndé: Tèmi jí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó kú pátápátá.

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Aládùúgbò mi ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní London níbí. Ó fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí bátìrì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sùn. Aago mẹ́ta òru la sá jáde, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Èéfín yẹn ṣì wà nímú mi.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Àdùkẹ́, kú ewu o. Ẹnì kankan ò fara pa?

Àdùkẹ́ Peckham: Rárá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ló ti ń jó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Ìyá Ìbejì: Inverter wa náà lithium ni, pálọ̀ ló wà. Ṣé ká gbé e síta?

Túndé-Túndé: Ti inverter, LiFePO4, oríṣi lithium kan, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyẹn kì í gbaná.

Rẹ́wáyà Òjòó: Má sọ pé kì í gbaná. Kì í *tètè* gbaná ni.

Túndé-Túndé: Mo ti ń tà á láti 2019, mi ò rí i rí.

Rẹ́wáyà Òjòó: Èmi ti rí èyí tó wú bíi búrẹ́dì.

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọ̀n ọ́n. Ìlà 12 wà ní 2.5. Ọ̀kan ṣoṣo wà ní 0.9.

Rẹ́wáyà Òjòó: Háà. Ọ̀kan yẹn ti lọ, má fi iná kankan sí i! Tó bá ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bàbà inú ẹ̀ á ti máa yòrò. Tí iná bá tún wọlé, bàbà yẹn á dì padà, á sì so ọwọ́ iná méjèèjì (pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù) pọ̀ nínú. Gbé e wá, ká pààrọ̀ ìlà yẹn, ká wo àwọn yòókù dáadáa.

Alákẹ̀kẹ́ Abẹ́òkúta: Ta ló mu iná ẹ̀ tán nígbà tí ò lò ó?

Rẹ́wáyà Òjòó: BMS fúnra ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, kó gba iná sí i dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kó sì ní kí ará ilé máa wò ó lóṣooṣù.

Ọmọ Mókọ́lá: Mo ti gbé e sínú garawa onírin láàárín àgbàlá. Lọ́la láàárọ̀ mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n.

Àdùkẹ́ Peckham: Má fi sẹ́yìn ọkọ̀ akérò o!