Alápótí ni àbí gbohùngbohùn? Lórí orúkọ tó yẹ sound system àwọn ará Jàmáíkà

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe sound system, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń gbé àwo àti sípíkà ńláńlá lọ sóde ijó, ní "ẹ̀rọ gbohùngbohùn", kí selector, ẹni tó ń yan àwo tí wọ́n máa lù, jẹ́ "aṣàwo", kí deejay, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí makirofóònù lórí orin, jẹ́ "atọ́kùn", kí dubplate, àwo tí wọ́n gé fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, sì jẹ́ "ẹ̀dà àwo". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ burúkú wọn ju ara wọn lọ.

Gbohùngbohùn ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Òun là ń pe èyí tí lèmọ́mù ń gbé sẹ́nu, òun náà là ń pe èyí tó ń pariwo lórí òrùlé mọ́sáláṣí. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, láti ìparí àwọn ọdún 1940, kì í ṣe ẹ̀rọ lásán ló ń jẹ́ "sound". Tom Wong tó ń ta irinṣẹ́, tó pe tirẹ̀ ní Tom the Great Sebastian. Duke Reid ọlọ́tí, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí. Clement Dodd tí gbogbo ayé mọ̀ sí Coxsone: ẹ̀rọ wọn, àwo wọn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn àti orúkọ wọn ló para pọ̀ di sound. Bí áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, bá jóná, tí wọ́n ra òmíràn, sound yẹn náà ṣì ni.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é. Ní Barranquilla, ní Kòlóńbíà, picó ni wọ́n ń pè é, láti ara pick-up, ohun èlò tó di abẹ́rẹ́ mú lórí àwo. Ní São Luís, ní Bràsíìlì, radiola ni, orúkọ rédíò onígi àtijọ́ tó ní ibi tí wọ́n ń gbé àwo sí. Orúkọ ohun èlò ni wọ́n fà títí tó fi bo èèyàn. Tiwa tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ní "oní": onígángan, onísákárà, onífújì. Box sì ni àwọn ará Jàmáíkà ń pe àpótí sípíkà, tó máa ń ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ẹgbẹ́ alápótí ni mo fara mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí béèsì máa jẹ́ béèsì. Príáńpù, ẹ̀rọ tó ń ṣáájú áńpù, ló ń pín ohùn sọ́nà mẹ́ta, béèsì, àárín àti òkè, kálukú sì ní áńpù tirẹ̀. Béèsì ń lọ sí sípíkà oníǹsì 18. Bó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà òkè, kíá ló máa jó tuwítà, sípíkà kékeré tó wà fún ohùn òkè. Bí wọ́n bá sì fi wáyà pupa síbi tó yẹ ti dúdú lára àpótí kan nínú méjì, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú bí èkejì ṣe ń fà á sẹ́yìn: sípíkà ń mì, béèsì ò jáde.

Alápótí àtijọ́ kì í sábà lo ju tọ́ntébù (ẹ̀rọ tí àwo ń yí lórí rẹ̀) kan lọ. Bí àwo bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, ijó sì lè tutù níbẹ̀. Ẹni tó di makirofóònù mú ló ń dí àlàfo yẹn. Count Machuki wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lókìkí nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó fi máa di ti U-Roy, deejay tó wà lọ́dọ̀ King Tubby tó ní sound tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń gun ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Atọ́kùn ń sọ̀rọ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni. Orin ń lọ lọ́wọ́ ni ti àwọn deejay. "Afọ̀rọ̀lélù" ni mo mú wá. Ẹ má kàn kọ DJ o, nítorí Kool Herc, ọmọ Kingston, tó lu àwo ní 1520 Sedgwick Avenue ní Bronx, ní New York, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ 1973, àwo ló ń fọwọ́ kàn. Ìtumọ̀ ti Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ní ti "aṣàwo", ẹ sọ ọ́ kíákíá létí ìyá àgbà kan, kí ẹ wo ohun tó máa rò pé ẹ pe ọmọlọ́mọ. Olùṣàyàn tó.

Ẹ̀dà ni ohun tí a dà kọ. Dubplate kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olórin á padà sí sítúdíò, á yí ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ padà kó lè dárúkọ alápótí tó sanwó, kó sì bú alátakò rẹ̀. Wọ́n á gé e sórí pẹrẹsẹ alumíníọ́mù tí wọ́n fi lákà, ọ̀dà dídán kan, bò, oníǹsì 10 ló wọ́pọ̀. Lákà rọ̀ ju fáínẹ́lì tí wọ́n fi ń ṣe àwo yòókù lọ, abẹ́rẹ́ ń fá a nígbàkigbà tó bá kọjá: ohùn òkè ló ń kọ́kọ́ sá, ariwo á gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìfigagbága. Kí dubplate tó dé ni wọ́n ti ń wá àwo tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: Dodd fá lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwo Willis Jackson, olórin Amẹ́ríkà kan, ó sọ ọ́ ní "Coxsone Hop", títí Duke Reid fi rí irú rẹ̀ tó sì lù ú síta. Àwọn ará Jàmáíkà fúnra wọn a máa pe dubplate ní special. Àwo àkànṣe ni.

Ó ku version: "ìhà ìlù" dára fún un, nítorí ẹ̀yìn àwo tí wọ́n yọ ohùn olórin kúrò lára rẹ̀ ni. Dub, orin tí wọ́n tún tò láti ara version, kì í ṣe yíyọ ohùn nìkan. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á tún dá ohùn padà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á jẹ́ kó máa dún padà léraléra, á sì gé béèsì kúrò pátá kó tó dá a padà. Kí á kọ ọ́ ní dọ́ọ̀bù.