Ọmọ mi ò jẹun mọ́, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló fà á ni?

Ìyá Ọmọge: Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin òbí, ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, kò sóhun tí mo sè tí kì í jẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta báyìí oúnjẹ àárọ̀ ò kan ẹnu ẹ̀ mọ́. Lánàá mo ṣí kúlà tó gbé lọ sí skúùlù, búrẹ́dì àti ẹyin tí mo dì fún un bó ṣe wà náà ló wà, búrẹ́dì ti rin gbindin, kò tiẹ̀ gé e wò. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọdé ló ń gbé oúnjẹ wá láti ilé, pé bísíkíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò làwọn jọ ń dáwó rà. Bàbá ẹ̀ ní ká já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Tíṣà: Mà, ẹ má gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Lọ́jọ́ orí yẹn, ọmọ tó bá dá jẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀, bíi pé wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ ló ń rí lára ẹ̀. Mo ti rí i ní kíláàsì mi tí ẹnì kan péré bẹ̀rẹ̀ sí gbé èso wá, kó tó pẹ́ àwọn mẹ́rin ti ń gbé e. Ẹ di oúnjẹ tó ṣeé pín fún un, kẹ́ ẹ ní káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá jẹun nílé yín. Ẹ pààrọ̀ kúlà náà tó bá jọ ti ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì: Ẹlẹ́rìndòdò agolo kan, 330ml, ṣúgà inú ẹ̀ sábà máa ń tó gíráàmù 35. Ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 sì nílò èròjà áyọ́ọ̀nù (iron), tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bíi mílígíráàmù 15 lójúmọ́, ọkùnrin 11; nǹkan oṣù ló jẹ́ kí ti obìnrin pọ̀ jù. Ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀fọ́ ló ní in, bísíkíìtì ò lè dípò wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí mà: ṣé ẹnikẹ́ni ò máa sọ̀rọ̀ sísanra nílé? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ń jẹun láàárọ̀? Tó bá ń rù, tó ń rí òòyì, tàbí nǹkan oṣù ẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ tètè gbé e lọ rí dókítà.

Àbúrò yín: Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15. Àǹtí mi kan ló fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pé "ó ti ń kún o", látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi tíṣù di ẹran, tí màá jù ú nù. Ohun tó fà mí padà ni pé bàbá mi kàn bẹ̀rẹ̀ sí jókòó tì mí lálẹ́, á pa fóònù ẹ̀, a ó jọ jẹun, kò sọ nǹkan kan nípa abọ́ mi.

Ìyá Ọmọge: Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín ò jẹ́ n sùn. Èmi ni mo fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ kí n lè fọn, iwájú ẹ̀ ni mo ti ń gun sikéèlì láràárọ̀ tí màá máa di ikùn mi mú tí màá máa ráhùn. Oṣù mẹ́ta náà ni. Mo ti gbé sikéèlì yẹn pa mọ́, mo sì bẹ bàbá ẹ̀ kó fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo gbé abọ́ tèmi síwájú ẹ̀, mo ń jẹ. Ẹyin kan ló jẹ, kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀.